Oṣù Mẹ́ta Tí Ìyá Rẹ Gbà Padà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀gbẹ́dá,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àníkẹ́ mi, Morẹ́nikẹ́ tí mo kẹ́ tí n kò kábàámọ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú, láti ọwọ́ obìnrin aláṣọ òfì tó máa ń ti Ìlọrin wá sí Gówọ́n Ẹ́sítéètì. Ìgbà mẹ́ta ni mo kà á. Nígbà àkọ́kọ́, mo kà á bíi bàbá. Nígbà kejì, mo kà á bíi tíṣà. O gbàgbé àmì ìdánudúró méjì, ṣùgbọ́n n kò yọ máàkì kankan. Nígbà kẹta, mo kà á bí arúgbó tó jókòó sí fàráńdà lẹ́yìn òjò, tí kò mọ̀ bóyá òun ń tòògbé ni tàbí òun ń ronú. Òórùn ilẹ̀ tútù ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìgándò, ìkùukùu dúró lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà. Ó jọ pé mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ nínú ilé. O mọ̀ pé láti ọdún tó ti re ọ̀run, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

O ní iṣẹ́ tuntun rẹ ń lọ dáadáa. O ní ilé ẹjọ́ gíga ti tú ìgbéyàwó ìwọ àti ọkọ rẹ ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí ẹ kò ti gbé pọ̀ mọ́. O ní oyún Délé ti pé oṣù méjì nínú rẹ. O wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìwọ àti Délé fẹ́ lọ ṣègbéyàwó ní rẹ́jísítìrì, kí ikùn tó yọ, àti pé kí n wá fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́. Mo bá ọ yọ̀ fún oyún ju bí o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọmọ mi, n kò ní wá, mo sì bẹ̀ ọ́ kí ìwọ náà má lọ. Ìwé tí adájọ́ fún ọ kò tíì tú ọ sílẹ̀. Lójú òfin, ìyàwó ọkùnrin tí o kọ̀ yẹn ni ọ́ títí di òní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Bu omi mu, kí o kà á délẹ̀.

Àná ni ẹ̀gbọ́n Délé wá kí mi. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n èmi ń pè é ní Lójú-òfin nínú ọkàn mi, nítorí gbólóhùn tó fi ń ṣí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Agbádá tó wọ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà mi lọ. Ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé bí ẹni tó ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ní, “Bàbá, lójú òfin, ọ̀rọ̀ ti parí. Adájọ́ ti sọ ọ́.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé.”

Ó yọ ẹ̀dà tí Délé fún un jáde. Mo fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan. “Kí ni wọ́n kọ síbí yìí?”

Ó gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. “Náìsì ni, Bàbá. Adájọ́ ní ìpínyà wọn náìsì. Ó dáa, kò sí wàhálà ńbẹ̀.”

“Náísáì ni wọ́n ń pè é. Látìn ni.”

“Ẹ̀hẹ́n! Àwọn adájọ́ yìí fẹ́ràn fáàrí ṣá! Kí ni wọ́n ń wá lọ sí Látìn, àbí Yorùbá ò sí ni?”

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, Àníkẹ́. Ìwé náà ni mo ká padà fún un. Ọkùnrin yẹn kò gbọ́ Látìn, kò jẹ̀bi. Èmi gbọ́ ọ, mo sì ka ọ̀rọ̀ kan náà ní àkàṣì nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

O mọ̀ pé mo ti fẹ́ ìyàwó kan rí kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, nọ́ọ̀sì kan tó bá iṣẹ́ lọ sí òkè òkun tó sì kọ̀wé pé òun kò ní padà wá. A kò jà. Ìfẹ́ náà gbẹ bí kànga tó gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tó gbẹ gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe é, pẹ̀lú ìwé ìjọba, nítorí náà ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Mo lọ. Adájọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún mi ní ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa nídìí. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lórí rẹ̀: nisi. Mo ti kọ́ ọ nílé ìwé àwọn tíṣà, mo mọ̀ pé “àfi bí” ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá rẹ nígbà náà, Àníkẹ́. Ìkọ̀tún ni mo ti ń kọ́ ọmọ nílé ìwé ìjọ, nígbà tí ibi gbogbo ṣì jẹ́ igi obì àti ọ̀pẹ, tí ìrì máa ń rin ṣòkòtò ènìyàn dé orúnkún kó tó dé kíláàsì. Ó kọjá níwájú ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, kò dì í mú, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Látọjọ́ yẹn, ìtumọ̀ tí mo fẹ́ ni mo ń fún gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ni nisi, mo na ọrùn, mo ní, “Ó túmọ̀ sí pé ó tán.” Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́, mo gbé ìyá rẹ níyàwó ní rẹ́jísítìrì.

Ìwà ìgbéraga mi kò tán síbẹ̀. Mo fi fírémù sí ìwé méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú! Òǹtẹ̀ pupa yẹn wù mí. Mo gbé wọn kọ́ sí pálọ̀, ìwé ẹ̀rí tíṣà mi láàárín, ìkọ̀sílẹ̀ lápá òsì, ìgbéyàwó lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá wọlé á rí i pé ọ̀mọ̀wé ló ń gbé ibẹ̀.

Ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. O ti ń rìn, o ti ń sọ̀rọ̀, nígbà tí òjò lé bàbá àgbà kan wọlé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó kọ́ ilé sítòsí wa. Ó dúró ti ògiri, ó ń nu orí rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, ó sì ń ka àwọn ìwé inú fírémù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dẹ́kun orí nínù.

“Tíṣà, ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?”

“Bàbá, èmi gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sà.”

“Mo rí i. Ka ọjọ́ tó wà lórí èyí fún mi. Ka tòhún náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà láàárín wọn?”

“Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, sà.”

“O gbọ́ Látìn?”

“Díẹ̀díẹ̀, sà.”

“Kí ni nisi?”

“Àfi bí.”

“Àfi bí kí ni?”

Àníkẹ́, mo tẹjú mọ́ ìwé náà bí ọmọ tó ń wá ìdáhùn lára pátákó. Bàbá náà jókòó, ó sì là á yé mi bí ẹni tó ń la ọ̀nà oko. Oṣù mẹ́ta ni òfin ní kí ènìyàn fi dúró lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, àfi bí tọkọtaya bá tún bára wọn rẹ́, àfi bí ẹnìkan bá wá fi han adájọ́ pé irọ́ ni wọ́n pa fún un. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí àròyé, nígbà náà ni ìtúká á tó di àṣepé, tí ọkùnrin á di àpọ́n, tí obìnrin á sì di ẹni ara rẹ̀.

Ó wá ní, “Ọjọ́ tí o fẹ́ tibí yìí, tọ̀hún ṣì wà lọ́rùn ẹ. Asán ni ìwé kejì yìí. Òfin ò tiẹ̀ mọ̀ pé o gbéyàwó. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n kọ síwájú irú ẹ̀. Ìwọ wá fi fírémù sí i, o gbé e kọ́ kí ọlọ́pàá tó bá wá tọrọ omi lè rí nǹkan kà!”

Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yìí?”

“Lójú òfin, rárá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ní àtúnṣe. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tipẹ́, ti àkọ́kọ́ ti tú pátá. Ẹ lè lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.”

“Bó bá wá kú lánàá ńkọ́?”

Bàbá wo ilẹ̀. “Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ lè sọ pé àlejò ni ọ́.”

Ìyá rẹ kò pariwo. O mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń le sí i ni ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ sí i. Ó yíjú sí mi, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nídìí kànga. “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kó ẹrù yín kúrò ní yàrá mi. Ọmọ ìjọ ni mí, ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi kì í sùn sí yàrá mi.”

Mo ní, “Ìyá Morẹ́nikẹ́, a ó lọ lọ́la! Kíákíá lọ́la!”

Ó ní, “Rárá o. Kíákíá yín ló gbé wa débí. Oṣù mẹ́ta tí ẹ fò yẹn, mo fẹ́ kó pé. Láti òní.”

Bàbá akọ̀wé yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi sá jáde sínú òjò.

Oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ fi mú mi dúró. Pálọ̀ ni mo ń sùn, lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà mìíràn bí mo bá jókòó báyìí tí ojú mi fẹ́ pa dé, ibẹ̀ ni mo máa ń padà sí. N kì í padà sí ọjọ́ ìgbéyàwó kankan. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, tí ilé ìwé bá ti parí, mo máa wẹ̀, mo máa lo páúdà, mo máa wá kan ilẹ̀kùn ilé tí èmi fúnra mi ń sanwó rẹ̀. Ìyá rẹ á rán ọ sí mi. O máa dúró pẹ̀lú ìka lẹ́nu, o máa ní, “Wọ́n ní kí bùrọ̀dá jókòó, wọ́n ń bọ̀.” O pè mí ní bùrọ̀dá fún oṣù méjì gbáko! A máa rìn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ìwọ láàárín wa, afẹ́fẹ́ á máa mi ewé obì bí ẹni tó ń ṣí ìwé láìkà á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù àrá máa ń bà á. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń bá a gbé, mo rò pé òtútù ló ń mú un nígbà òjò. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ó wu òun láti ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tirẹ̀, kì í ṣe igun fàráńdà. Ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: kí ló dé tí mo fi máa ń sáré? Ó ní kí n máa lọ wá ìdáhùn rẹ̀ bọ̀, pé òun ní àkókò.

Fọ́tò tó wà lókè rédíò, èyí tí o di òdòdó mú láàárín èmi àti ìyá rẹ, tí o sì máa ń béèrè pé kí ni ìwọ wá ṣe níbi ìgbéyàwó òbí rẹ, a sọ fún ọ pé àjọ̀dún ọdún kẹrin ni. Irọ́ ni. Ìgbéyàwó gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ ní kí n má sọ ọ́, àfi ọjọ́ tí yóò bá wúlò fún ọ. Mo rò pé ọjọ́ náà ló pé yìí.

Ó yẹ kí n wá to ìmọ̀ràn mi ní nọ́ńbà, kí àwọn tó ṣe mí ní tíṣà má bàa bínú.

Èkíní: má fi ọkàn ka oṣù, má sì fi ẹnu ẹnikẹ́ni ṣe ìwé. Bí oṣù mẹ́ta bá pé láti ọjọ́ ìdájọ́, lọ sí ọ́fíìsì kóòtù náà, kí o ní ìwé àṣepé lo wá gbà, ábúsólúùtù ni wọ́n ń pè é. Kà á. Bí o bá tún rí nisi lórí rẹ̀, dá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà ni kí o tó ya ọjọ́ ní rẹ́jísítìrì.

Èkejì: Lójú-òfin sọ fún mi pé ẹ lè kọ sínú fọ́ọ̀mù pé o kò lọ́kọ rí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi súgà sí tíì. Ọmọ mi, ìbúra ni fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó bá búra èké lórí ìwé ti ṣẹ òfin kejì kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Àti pé ìwọ tí o ti sunkún fún ìgbéyàwó kan fún ọdún mẹ́rin, báwo lo ṣe máa wá sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí?

Ó tún ní bí rẹ́jísítìrì bá ṣòro, kí a kúkú ṣe ìdána nílé, ẹbí ọkọ rẹ ti gba ẹrù ìdána wọn padà ní kóòtù ìbílẹ̀, kí ló kù? Gbogbo rẹ̀ ló kù. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí ìgbéyàwó tí a fi ìwé ìjọba ṣe. Ẹni tí ìwé bá sì ṣì dè, kò gbọ́dọ̀ ṣe tìbílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Òfin kà á léèwọ̀. Bí ẹbí Délé bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí wọ́n máa lọ. N kò ní gba iyọ̀ tàbí oyin lọ́wọ́ wọn títí ọjọ́ á fi pé. Ẹni tí kò tíì bọ́ ẹ̀wù kan tán tó ń ti orí bọ òmíràn, ọrùn ló máa há.

Mo ti ṣi nọ́ńbà mi. Ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, èyí tó wù ọ́: ti oyún. Mo mọ̀ pé ohun tó ń lé ọ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá òní, ikùn rẹ á ti yọ dáadáa, àwọn obìnrin ìjọ á sì máa wò ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo àga títà. Kí wọ́n wò. Òfin ilẹ̀ wa kò ní ká fi ọ̀nà tí a gbà bí ọmọ yàn án jẹ. Ìgbéyàwó asán ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe ìgbéyàwó tó pẹ́. Ọmọ tó bá wà nínú rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tòótọ́ sàn ju ọmọ tí wọ́n ń jà nítorí ìwé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Wo ara rẹ. Nígbà tí wọ́n bí ọ, ìyá rẹ kò ní ọkọ lójú òfin. Kí ló ṣe ọ́? O ga ju mí lọ.

Ti Délé wá. Èmi kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ sì wù mí. Sọ òótọ́ fún un, kì í ṣe láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá bínú, jẹ́ kó bínú, ṣùgbọ́n wo bí ó ṣe ń bínú. Wo bóyá ó bi ọ́ léèrè pé ṣé ìwọ náà ń bẹ̀rù. Èmi kò bi ìyá rẹ ní ìbéèrè yẹn fún ọdún mẹ́ta. Kí ìwọ náà wo inú ara rẹ láàárín “àfi bí” yìí. Ibi tó rọrùn láti ronú ni, Àníkẹ́. O kì í ṣe tẹnìkan, o kì í ṣe tẹlòmíràn, o dà bí omi tí a bù sínú igbá tí a ní kó sinmi kó tó mọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú u.

Iṣẹ́ rẹ ní Ìlọrin wà níbẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì. Ṣùgbọ́n wá lo Sátidé yìí lọ́dọ̀ mi. Má dá èsì padà nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti bébà. Ọkọ̀ Ìlọrin á já ọ sí Ìyànà Ìpájà, ibẹ̀ ni kí o ti wọ ti Ẹ̀gbẹ́dá. Bí mo bá rí ọ, n ó mọ̀ pé o gbọ́, a ó sì jọ sọ fún ẹbí Délé. Bí n kò bá rí ọ, ní Ọjọ́bọ̀ yẹn n ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi, n ó jókòó nílé níhìn-ín, n ó sì súre fún ọ bí ìyàwó, bí òfin kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́ sí ìyàwó. Ìsúre mi kò ní “àfi bí” nínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní sí nínú ìwé yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jẹ́ pé obìnrin méjì péré ló fẹ́.